Abọ́ Omi Nínú Ọkọ̀ Bọ̀dá Ràfíù

Ẹ pa ọkọ̀ yẹn ná. Mo ní kí ẹ pa á! Láti ìgbà tí ẹ ti yà wọ àdúgbò yìí ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ojú ló ń yọ mí lẹ́nu, etí mi kò tíì di. Ọkọ̀ yẹn ń gbọ̀n. Ẹ ní kò ṣe nǹkan kan? Ẹ ní iná pupa kankan kò tàn níwájú yín? Ìyẹn ni pé bí iná kò bá ti tàn, àlàáfíà ni lójú tiyín. Ó dáa, ẹ jókòó. Kí ọ̀kan nínú yín bu omi sínú abọ́ wá fún mi. Òùngbẹ kọ́ ló ń gbẹ mí. Ẹ ṣáà bù ú wá, ẹ gbé e kalẹ̀ síbí, kí n máa wò ó bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀.

Lóde òní, bí ara ọkọ̀ yín kò bá yá, ẹ ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin kan tó máa fi wáyà so ó mọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà á sì máa ka àìsàn ọkọ̀ fún un bí ẹni ń ka lẹ́tà. Mi ò bú yín o. Ṣùgbọ́n nígbà tiwa, ara wa ni ẹ̀rọ náà. Gbígbọ̀n tó bá wá láti ẹsẹ̀ ọkọ̀ níwájú, ọwọ́ dírẹ́bà ló kọ́kọ́ ń bá lórí sítíárìn. Èyí tó bá wá láti ara ẹ́ńjìnì, eyín la fi ń gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n èyí tó bá wá láti ìsàlẹ̀, láti abẹ́ ìjókòó, tó ń gun èèyàn bọ̀ láti ìbàdí wá sí ọrùn, ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Títí di òní, bí mo bá wọ ọkọ̀ tí ara mi sì gbọ́ irú ẹ̀, n óò ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin náà ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ẹ̀ tipẹ́, ẹ ní ẹ ò rí irú Bàbá yìí rí, mẹkáníìkì tó ń bẹ̀rù ọkọ̀. Mo ń bẹ̀rù ẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á fún yín.

Agége tí ẹ mọ̀ yìí kọ́ ni Agége ìgbà náà. Oko obì ni. Láti ẹ̀yìnkùlé wa títí dé Oko Ọba, níbi tí ẹ ti ń lọ ra ẹran lónìí, igi obì àti igi kòkó ló wà níbẹ̀, òòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Ìkẹjà ńkọ́? Ibùdó rélùwéè, pápá bàálù, ilé àwọn òyìnbó tí wọ́n fi òdòdó yí ká, ìyókù igbó ni. Ojú mi báyìí ni katakata ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí igbó náà kí wọ́n tó kọ́ ilé iṣẹ́ síbẹ̀. Onígbòǹgbò, abúlé ni. Ewúrẹ́ ń sùn lójú títì níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń lé e. Láàárọ̀, ẹ ó gbọ́ ìpè ìrun, ẹ ó gbọ́ fèrè rélùwéè, lẹ́yìn náà ẹ ó máa gbọ́ obì tí àwọn obìnrin ń bó tó ń já sínú agbọ̀n, pò, pò, pò, títí ilẹ̀ á fi mọ́ kedere. Bó bá wá di oṣù ààwẹ̀, àwọn oníwéré tó ń fi orin jí èèyàn fún sààrì á ti kọjá kí gbogbo ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀. Ibo ni wọ́n wà báyìí?

Ọkọ̀ kò pọ̀, nítorí náà a mọ ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lóhùn. Obìnrin á wà nídìí ààrò, á gbọ́ ọkọ̀ lókèèrè, á ní, "Ẹ gbé oúnjẹ kalẹ̀, wọ́n ti dé." Kò ní ṣì í. Ìyá wa náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n tiwọn yàtọ̀. Ara wọn kì í balẹ̀ bí wọ́n bá gbọ́ ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà, Mùfútáù, ló wà nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó gbé obì lọ sí Òkè Ọya, tí ọkọ̀ náà sì dojú dé. Agbọ̀n obì la bá, a bá bàtà ẹsẹ̀ kan. Láti ọjọ́ náà ni Màámi kò ti wọ ọkọ̀ mọ́. Rélùwéè ni wọ́n ń wọ̀, bí rélùwéè kò bá sì dé ibẹ̀, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Ẹ wá wo ohun tí Ọlọ́run ṣe. Ọmọ wọn kejì, Bọ̀dá Ràfíù, ọkọ̀ náà ló ní òun fẹ́. Èmi tí mo ṣìkẹta, iṣẹ́ mẹkáníìkì ni mo kọ́. Bọ̀dá Ràfíù ra ọkọ̀ dúdú kan lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń padà sí ìlú ẹ̀, ọkọ̀ tó ti gbó díẹ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì ń dán, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èrò láti Agége lọ sí Ìdúmọ̀tà. Lójoojúmọ́ ni Màámi ń dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìrọ̀lẹ́ títí ọkọ̀ náà á fi dé. Bí oúnjẹ bá ń jóná, kó máa jó lọ. Ẹ̀rù wọn wá ń ran èmi náà. Bí mo bá wà níbi iṣẹ́ tí ọkọ̀ Bọ̀dá Ràfíù sì pẹ́ kó tó kọjá, àyà mi á máa lù kì kì kì.

Ibi iṣẹ́ wa wà létí títì, láàárín Agége àti Ìkẹjà, lábẹ́ igi máńgòrò kan. Ọ̀gá mi, ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, ọ̀gá Abọ́ ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n. Mo ti gba òmìnira iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn ní tèmi, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ wọn náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá sanra, ẹ̀yìn sì ń dùn wọ́n, wọn kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́. Ojú mi ni wọ́n fi ń wo abẹ́ ọkọ̀. Ẹ rántí èyí o, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ọ̀gá lọ ra nǹkan ní Èkó, Màámi gbé ẹ̀kọ àti àkàrà wá fún mi níbi iṣẹ́. Mo jẹun tán, wọn kò lọ. Wọ́n wò yíká, wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n mú tírà kan jáde, wọ́n fi awọ pupa rán an, ó tó páálí ìṣáná.

"Àkànní," wọ́n ní, "irin gígùn tó ń yí lábẹ́ ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ, èyí tí mo rí lọ́jọ́ tí ẹ fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè, ṣé gbogbo ìgbà ló ń yí?"

Ṣáàfù ni wọ́n ń sọ, irin tó gba agbára láti ọ̀dọ̀ jíà níwájú, tó ń gbé e lọ fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn. Mo ní, "Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, ó ń yí ni, Màámi."

"Ibẹ̀ ni kí o so èyí mọ́ fún mi."

"Kí ni Ààfáà tó ṣe é sọ?"

"Ààfáà ní kó ṣáà wà nínú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n o mọ ẹ̀gbọ́n ẹ. Bó bá rí i, á sọ ọ́ nù, á ní òun kì í ṣe ará oko. Àti pé wò ó, bí èèyàn bá ń ka tẹ̀sùbáà, ẹyọ kan, àdúrà kan. Bí irin yẹn bá yí lẹ́ẹ̀kan, àdúrà kan nìyẹn. Láti ibí dé Ìdúmọ̀tà, ẹ̀ẹ̀melòó ló máa yí?"

"Kò lóǹkà, Màámi."

"Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣé o wá rí i? O ò gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí o bá sọ, ọmú tí o mu lára mi á bi ọ́ léèrè."

Kí ni n bá wí? Èmi náà fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi máa bọ̀ nílé. Nígbà tí Bọ̀dá Ràfíù gbé ọkọ̀ wá kí a pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ẹ̀, mo wọ abẹ́ ẹ̀, mo fi tírà lé ara ṣáàfù, mo gbé pẹlẹbẹ irin kan lé e kó má baà já bọ́, mo fi wáyà wé e, mo wé e, mo tún wé e. Ohun tó kéré bẹ́ẹ̀, kí ló lè ṣe fún irin tó gùn ju èèyàn lọ? Èmi tí mo mọ iṣẹ́ ni mo rò bẹ́ẹ̀ o.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Òjò ti dé, ẹrẹ̀ ń ta sábẹ́ ọkọ̀. Bọ̀dá Ràfíù gbé e wá, wọ́n ní, "Ọ̀gá, bí mo bá rọra ń lọ, kò sí nǹkan. Bí mo bá ti sáré díẹ̀, gbogbo ìjókòó á máa jó."

Ọ̀gá bu omi sínú abọ́ tánganran wọn. Ohun tí wọ́n fi ń wo ọkọ̀ nìyẹn. Wọ́n gbé abọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, wọ́n ní kí Bọ̀dá Ràfíù máa wà á lọ, wọ́n tẹjú mọ́ omi. Bí a ṣe rọra ń lọ, omi dákẹ́. Nígbà tí eré di máìlì márùndínlógójì, omi bẹ̀rẹ̀ sí í ya òrùka, òrùka ń lé òrùka. Ọ̀gá ní kí wọ́n yọ jíà, kí wọ́n pa ẹ́ńjìnì, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra ẹ̀. Omi kò dákẹ́. "Kì í ṣe ẹ́ńjìnì," ọ̀gá wí. "Omi kì í purọ́. Èèyàn ló ń purọ́." A padà dé, a gbé ẹsẹ̀ iwájú sẹ́yìn, a gbé tẹ̀yìn síwájú. Omi ṣì ń ya òrùka. Kì í ṣe ẹsẹ̀ náà nìyẹn.

"Wọ abẹ́ lọ," ọ̀gá ní kí n lọ wò ó. Kúrọ́ọ̀sì, ìyẹn oríkèé tó so ṣáàfù mọ́ jíà, ti jẹ, ó ń mì bí eyín àgbàlagbà. Inú mi dùn! Mo ké láti abẹ́ ibẹ̀ pé, "Kúrọ́ọ̀sì ni, ọ̀gá!" A fi tuntun sí i, gbígbọ̀n náà sì dín kù. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ tán.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Bọ̀dá Ràfíù tún fi gbé e dé. Kúrọ́ọ̀sì tuntun náà ti jẹ. Ọ̀gá gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń wò ó, ojú wọn yí padà. "Kúrọ́ọ̀sì ọ̀sẹ̀ méjì! Nǹkan kan ló ń jẹ ẹ́. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ràfíù, gbọ́ mi dáadáa. Bí irin yẹn bá já lẹ́yìn, á máa wọ́ nílẹ̀, èèyàn lè ríbi dúró. Bó bá já níwájú, ẹnu ẹ̀ á gún ilẹ̀, ọkọ̀ á sì fò lé e lórí. Mo ti rí i rí. Mi ò fẹ́ rí i mọ́." Lẹ́yìn náà wọ́n yíjú sí mi. "Kí lo rí lábẹ́ ibẹ̀?"

"Mi ò rí nǹkan kan, ọ̀gá."

Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura nígbà náà.

Ọ̀gá ní kí a fi jáàkì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè. Wọ́n fúnra wọn wọ ìdí sítíárìn, wọ́n fi jíà sí i kí ṣáàfù lè máa yí, wọ́n ní kí n mú ṣọ́ọ̀kì kan, kí n sùn sábẹ́ ibẹ̀, kí n rọra fi ṣọ́ọ̀kì sún mọ́ irin náà bó ṣe ń yí. Bí ṣáàfù bá yí gún, ṣọ́ọ̀kì á fa ìlà yí i ká. Bó bá ń ju ara ẹ̀ sápá kan, apá ibẹ̀ nìkan ni ṣọ́ọ̀kì á kàn. Mo na ọwọ́. Irin náà ń kọjá lójú mi fìrì, fìrì, ẹrẹ̀ gbígbẹ ń já lé mi lẹ́nu. Mo fi ṣọ́ọ̀kì kàn án. Ọ̀gá pa ẹ́ńjìnì, irin náà dúró, mo wò ó.

Apá ibi tí tírà wà nìkan ni ṣọ́ọ̀kì kàn.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́ ná. Tírà tó tó páálí ìṣáná ti mu omi, ó ti mu ẹrẹ̀, ó ti wú bí ìkúùkù, pẹ̀lú irin àti wáyà tí mo wé mọ́ ọn. Èmi ni kòkòrò náà. Mo sùn sábẹ́ ibẹ̀, mo ń rò ó. Bí mo bá sọ ọ́, mo ti da Màámi, mo ti ṣẹ̀ sí ọmú. Bí mo bá tú u, tí nǹkan sì ṣe Bọ̀dá Ràfíù lọ́jọ́ kejì, ta ni yóò gbà mí lọ́wọ́ Màámi? Ta ni yóò gbà mí lọ́wọ́ ara mi? Ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni wọ́n kọ sínú ẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù láti fi ọ̀bẹ kàn án. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ nu ṣọ́ọ̀kì náà kúrò.

"Ó yí i ká, ọ̀gá," mo wí.

"Ó yí i ká?"

"Ó yí i ká dáadáa."

Ọ̀gá gbé abọ́ wọn, wọ́n da omi inú ẹ̀ sẹ́bàá títì. "Kò wá yé mi mọ́ nìyẹn," wọ́n wí. A tún fi kúrọ́ọ̀sì mìíràn sí i. Ọ̀gá ní kí Bọ̀dá Ràfíù máa rọra wà á, kí wọ́n má sáré rárá.

Láti ọjọ́ náà, mo ń fẹ̀jẹ̀ sínú tutọ́ funfun jáde. Ọkọ̀ bá dún lójú títì, mo ti dìde. Ìyá mi ń bẹ̀rù ní tiwọn lẹ́nu ọ̀nà nílé, èmi ń bẹ̀rù ní tèmi lábẹ́ máńgòrò, Bọ̀dá Ràfíù nìkan ni kò bẹ̀rù, wọ́n ń súfèé kiri.

Iléyá wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Ẹ kò mọ Iléyá ìgbà náà. Gbogbo Agége á tú lọ sílé, Ọ̀yọ́ ń lọ, Ògbómọ̀ṣọ́ ń lọ, àgbò á máa ké lórí ọkọ̀, àwọn ọmọ á ti wọ aṣọ tuntun wò kí ọjọ́ tó pé, ẹlòmíràn á ti da epo sí tiẹ̀. Bọ̀dá Ràfíù ní ọkọ̀ òun ni a máa wọ̀ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dún náà, pé ìyá òun kò ní wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn níṣojú òun. Mo rò pé Màámi máa kọ̀. Wọn kò kọ̀! Wọ́n ní kí Bọ̀dá kọ́kọ́ gbé àwọn dé Onígbòǹgbò lọ wo àgbò lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ àwọn kan, kí àwọn fi dán ara àwọn wò.

Màámi jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú mi. Ọwọ́ wọn tutù bí omi àmù. Wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú, wọ́n tẹ ẹnu mọ́ mi létí. "Ó wà níbẹ̀, àbí?"

"Ó wà níbẹ̀, Màámi."

"Ọlọ́run ṣeun." Wọ́n mí kanlẹ̀. Nítorí tírà yẹn nìkan ni wọ́n ṣe wọ ọkọ̀ náà, ṣé ẹ gbọ́? Ohun tó ń pa ọkọ̀ náà lọ ló fún wọn láyà.

A kọjá Ìkẹjà wọ́ọ́rọ́wọ́. Ojú ọjọ́ dára. Inú Bọ̀dá Ràfíù dùn, ìyá wọn jókòó sínú ọkọ̀ wọn! Wọ́n gbàgbé ohun tí ọ̀gá sọ. "Màámi, ẹ wò ó bó ṣe ń lọ!" Wọ́n bá tẹ iná. Gbígbọ̀n láti ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ó gun àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó gun ìbàdí mi, gèlè Màámi yọ̀ sí wọn létí, eyín wọn ń kan ara wọn. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ rọra!" Wọn kò gbọ́. Nígbà náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í lu ilẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, gbà! gbà! gbà! bí ẹni fẹ́ já ilẹ̀kùn wọlé.

"Yéè! Mùfútáù!" Màámi ké. Orúkọ òkú ni wọ́n pè.

"Ẹ yọ jíà!" mo pariwo. "Bọ̀dá, ẹ yọ jíà! Ẹ má tẹ bíréèkì, ẹ jẹ́ kó rọra dúró fúnra ẹ̀!" Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lọ́kàánkán, ó ń fọn fèrè. Bọ̀dá Ràfíù yọ jíà, wọ́n rọra tọ́ ọ sápá òsì, ọkọ̀ akẹ́rù náà kọjá vùùù, tiwa yí lọ, yí lọ, títí tó fi dúró sínú koríko níbi tí ewúrẹ́ ń sùn sí. Àwọn ewúrẹ́ dìde, wọ́n ń wò wá.

Mo wọ abẹ́ ọkọ̀, ara mi ń gbọ̀n ju ọkọ̀ lọ. Kúrọ́ọ̀sì iwájú ti fò yọ lápá kan, apá kejì ló fi eyín kan ṣoṣo di ṣáàfù mú. Eyín kan! Ká ní a sáré dé igi tó wà níwájú wa, mi ò ní jókòó síbí máa bá yín sọ̀rọ̀. Mo yọ ọ̀bẹ.

Orí Màámi yọ létí ọkọ̀. Wọ́n ti kúnlẹ̀ sínú koríko. "Àkànní, kí lo fẹ́ ṣe? Má tú u!"

"Màámi, òun ló ń gbọ̀n ọkọ̀."

"Irọ́ ni! Òun ni kò jẹ́ kí ọkọ̀ pa wá. Ṣé o ò rí i bá a ṣe dúró? Ṣé bẹ́ẹ̀ ni Mùfútáù ṣe dúró?"

"Tú kí ni?" Bọ̀dá Ràfíù náà bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. "Kí ni ẹ ń sọ?"

Mo sọ ọ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀ látorí ẹ̀kọ àti àkàrà dórí ṣọ́ọ̀kì tí mo nù. Omijé ń ṣàn lójú mi lọ sínú etí, nítorí ìdọ̀bálẹ̀ kọ́ ni mo wà, ẹ̀yìn ni mo fi lélẹ̀. Bọ̀dá Ràfíù kò pariwo. Wọ́n ní, "Ìwọ? Ìwọ tó o mọ iṣẹ́?" Ìyẹn dùn mí ju ẹgba lọ.

"Èmi ni mo ní kó so ó," Màámi wí.

Ẹ wò ó, títí di òní mi ò mọ ẹni tó jàre nínú èmi àti Màámi. Mo mọ̀ pé tírà ló jẹ kúrọ́ọ̀sì. Ṣọ́ọ̀kì ti sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún eyín kan yẹn kó dúró? Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo ṣáà mọ̀ pé bí a bá tún ọkọ̀ náà ṣe tí tírà sì wà níbẹ̀, Bọ̀dá Ràfíù á kú.

Mo ní, "Màámi, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé Ààfáà ní kó wà nínú ọkọ̀. Wọn ò ní kó máa yí."

"Ta ló máa tọ́jú ẹ̀ nínú ọkọ̀?" wọ́n wí. "Ràfíù á sọ ọ́ nù."

"Mi ò ní sọ ọ́ nù, Màámi. Mo búra."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni Mùfútáù wí nígbà tí mo fún un ní tiẹ̀."

Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ koríko. Màámi na ọwọ́ sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. "Tú u. Gbé e fún mi."

Mo fi ẹnu ọ̀bẹ tú wáyà. Wọ́n fi etí ìró wọn nu ẹrẹ̀ ara ẹ̀ títí awọ pupa fi jáde. Lẹ́yìn náà wọ́n dìde, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn iwájú ọkọ̀ tí kò lè lọ síbi kankan, wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí dírẹ́bà ń jókòó, wọ́n gbé tírà lé itan. "Ibí ni n óò máa jókòó," wọ́n wí. A rò pé ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀.

Mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Omi kò purọ́ fún mi. Ìwọ lo purọ́ fún mi." Wọn kò lé mi. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá jáde lábẹ́ ọkọ̀, ọ̀gá á di ìbàdí mú, wọ́n á kérora, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ibẹ̀ fúnra wọn. Bí wọ́n ti ń ṣe nìyẹn títí wọ́n fi fi iṣẹ́ sílẹ̀. A fi kúrọ́ọ̀sì tuntun sí ọkọ̀ Bọ̀dá Ràfíù, a gbé abọ́ sínú ẹ̀, a sáré ẹ̀ dé ogójì máìlì. Omi kò ya òrùka kankan.

Màámi kò sì kúrò níwájú. Ọdún mọ́kànlá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ẹ nífẹ̀ẹ́ èèyàn, ẹ gbọ́ èyí. Wọ́n bẹ̀rù ọkọ̀ lójoojúmọ́ fún ọdún mọ́kànlá, wọ́n sì ń wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Agége sí Ìdúmọ̀tà, Ìdúmọ̀tà sí Agége, ojú wọn ní dídì, ètè wọn ń lọ, tírà lórí itan wọn. Bọ̀dá Ràfíù kọ́kọ́ ń bínú, pé ìjókòó èrò kan ni wọ́n ń gbà, pé àwọn ẹgbẹ́ òun ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó yá, èrò ló ń dúró de ọkọ̀ náà. Ìyá Iwájú ni wọ́n ń pe Màámi. Bí Ìyá Iwájú kò bá sí níbẹ̀, ẹlòmíràn kì í wọ̀ ọ́.

Orí ẹní ni wọ́n kú sí, kì í ṣe ojú ọ̀nà. A dúpẹ́. A ṣe ogójì ọjọ́ wọn tán, Bọ̀dá Ràfíù padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi gbé ọkọ̀ wá bá mi. Abẹ́ máńgòrò náà ti di tèmi nígbà náà, abọ́ tánganran ọ̀gá sì wà lọ́wọ́ mi. Bọ̀dá Ràfíù ní, "Àbúrò, ọkọ̀ yìí tún ti ń gbọ̀n."

Mo wọ abẹ́ ẹ̀, mi ò rí nǹkan kan, lọ́tẹ̀ yìí òótọ́ ni. Mo bu omi sínú abọ́, mo gbé e sílẹ̀ níwájú, níbi tí ẹsẹ̀ Màámi máa ń wà. Mo jókòó sẹ́yìn, mo tẹjú mọ́ ọn láàárín ìjókòó méjèèjì. A kọjá Ìkẹjà, a gba ọ̀nà Onígbòǹgbò. Ogún máìlì. Ọgbọ̀n. Márùndínlógójì. Ogójì.

"Ṣé o rí i?" Bọ̀dá Ràfíù wí. "Ṣé o rí i bó ṣe ń gbọ̀n?"

Omi inú abọ́ dákẹ́ rọ́rọ́, mo rí ojú ara mi nínú ẹ̀. Mo gbójú sókè. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi lórí sítíárìn ló ń gbọ̀n.

Mi ò sọ ohun tí mo rí fún wọn. Mo ní kí a padà sílé, pé n óò bá wọn wò ó. Lọ́jọ́ kejì, mo fi ibi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú, mo jókòó, mo gbé tírà tí Màámi fi sílẹ̀ lé itan, mo di ojú mi, mo ní kí wọ́n máa wà á lọ.